Ẹnu Omi Èkó àti Ilẹ̀ Tí A Fẹ́ Rà

(Ọ̀rọ̀ tí alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá)

Àwa tí a bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé akápò wa, tí a pé mẹ́tàdínlógún lọ́jọ́ náà, a ti di mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lónìí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí n sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ohun tí wọ́n rò ni pé màá ka ìtàn ẹgbẹ́. Akọ̀wé wa ti kọ ìtàn yẹn sínú ìwé àjọ̀dún, ó sì kọ ọ́ dáadáa, àfi ibi tó ti sọ pé èmi ni mo máa ń pẹ́ dé ìpàdé jù. Omi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ẹnu omi Èkó, ibi tí odò ti ń pàdé ọ̀sà, tí ọ̀sà ti ń pàdé òkun. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé oṣù tó kọjá ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ẹ fara balẹ̀ fún mi, màá débẹ̀.

Ẹ wo bí omi ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Odò Ògùn ṣẹ̀ láti òkè Ìgàrán lẹ́bàá Ṣakí. Ó gba ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kọjá, ó gba Abẹ́òkúta, ó dé Ìṣẹ́rì, kó tó wá tú sínú ọ̀sà ní apá Májídun, ní ẹnu ọ̀nà wa níhìn-ín ní Ìkòròdú. Odò Ọ̀ṣun ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn, ọ̀sà Lẹ́kì ló ń gbà wọlé. Yewa ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn ní ọ̀nà Bàdágírì. Àwọn omi yìí kó òjò apá tó pọ̀ nínú ilẹ̀ Yorùbá lọ́wọ́, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí kì í dí ni wọ́n sì ní sínú òkun lápá ọ̀dọ̀ wa: ẹnu omi tó wà láàárín Èkó, Àpápá àti Tákwà.

Iyanrìn ló fà á tó fi jẹ́ ẹyọ kan. Ìgbì òkun wa kì í gbá etíkun lójúkojú, ẹ̀gbẹ́ ló ń fi gbá a. Bó ti ń gbá a, ó ń kó iyanrìn láti apá Bàdágírì bọ̀ wá sí apá Lẹ́kì, tọ̀sán tòru. Láti ìgbà tí òkun ti ga dé ibi tó wà yìí, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ni iyanrìn yẹn ti tẹ́ bí ẹní síwájú ọ̀sà. Òkun fẹ́ dí ẹnu ọ̀nà, odò kò gbà. Ní ìgbà òjò odò a borí, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn òkun a wọlé.

Bí ẹ bá bá àwọn apẹja Ìbẹ̀ṣẹ̀ tàbí Bàyékù sọ̀rọ̀, wọ́n á sọ fún yín pé omi tí wọ́n ń wọ̀ ní oṣù kejì kọ́ ni wọ́n ń wọ̀ ní oṣù kẹwàá. Ní ẹ̀ẹ̀rùn omi ọ̀sà a níyọ̀ lẹ́nu, ẹja òkun a bá a wọlé. Ní ìgbà òjò iyọ̀ a lọ, omi a pupa bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ewéko olódòdó àlùkò a sì máa léfòó wálẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ewéko yẹn kì í ṣe ti wa tẹ́lẹ̀. Ní nǹkan bí 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí i ní Nàìjíríà, láti ilẹ̀ Benin ló sì ti gba Bàdágírì wọlé. Ọlọ́kọ̀ tí ewé náà bá ti wé mọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí láàárín ọ̀sà ní ìrọ̀lẹ́ kò ní gbàgbé.

Àwọn baba ńlá wa kò ka omi wọ̀nyí sí ọ̀kan. Yemọja ló ni odò Ògùn. Ọlọ́sà ló ni ọ̀sà. Olókun ló ni òkun. Onílé mẹ́ta, ojúlé kan. Ẹ má bínú o, bí mo tilẹ̀ jẹ́ alukoro, n kì í ṣe alukoro òrìṣà, ìmáàmù wa àti pásítọ̀ wa wà níbí lónìí. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé wọ́n fún omi kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀ nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ìwà wọn kò dọ́gba. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gba etíkun yìí lọ sí Brazil àti Cuba kò lè gbé odò dání. Yemọja tó jẹ́ ti odò nílé, ó di ti òkun lọ́hùn-ún. Ní Salvador, ní ilẹ̀ Bahia, ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdọọdún ni wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé òdòdó àti ẹ̀bùn lọ fún un lójú òkun. Mo máa ń rò ó pé bóyá ẹnu omi tí wọ́n gbà jáde nílé ló wà lọ́kàn wọn: ibi tí odò ti parí tí òkun ti bẹ̀rẹ̀, tí ènìyàn kò mọ ibi tó kọjá sí.

Ní ti Èkó fúnra rẹ̀, ẹ gbọ́ orúkọ oyè Àrómirẹ́, ẹ ó gbọ́ omi nínú rẹ̀. Oko ata Àrómirẹ́ ni wọ́n ní ààfin Ìgá Ìdúngánrán wà lórí rẹ̀ títí di òní. Apẹja àti àgbẹ̀ ni àwọn Àwórì tó kọ́kọ́ débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu omi tí wọ́n jókòó tì kò jẹ́ kí wọ́n pẹ́ ní ipò apẹja àti àgbẹ̀, torí ẹni tó bá di ẹnu yẹn mú ti di òwò gbogbo odò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mú. Kí reluwé tó dé, ojú odò Ògùn ni epo pupa Ẹ̀gbá ń gbà sọ̀kalẹ̀ wá. Ojú ọ̀sà ni ti Ìjẹ̀bú ń gbà láti Èjìnrìn, Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú wa.

Ìdí nìyẹn tí ogun fi dé. Ní oṣù kejìlá 1851 àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dúró lójú òkun. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò lè wọlé, torí ebè iyanrìn tó wà lẹ́nu omi kò gbà á. Ọkọ̀ kékeré onísítíìmù méjì, Bloodhound àti Teaser, ló wọlé, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ àjẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ọba Kòsọ́kọ́ ti ri igi mọ́ etí omi, ó ti to àgbá kalẹ̀. Ọkọ̀ méjèèjì ló fi ìdí kọ́ iyanrìn lójú ogun. Ọjọ́ kẹta ni ìjà parí, tí iná ti jó apá kan Èkó, tí Kòsọ́kọ́ sì ti gba ojú ọ̀sà lọ. Ẹ̀pẹ́ ló lọ fìdí kalẹ̀ sí. Ogun Àgídìngbì ni Èkó ń pe ìjà yẹn. Wọ́n ní torí òwò ẹrú ni. Òwò ẹrú wà níbẹ̀ lóòótọ́, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ 1861, ọdún mẹ́wàá kò tíì pé, wọ́n mú kí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé, Èkó di tiwọn. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ bá Ìjẹ̀bú jà ní 1892, ọ̀sà kan náà ni wọ́n fi ọkọ̀ kó ọmọ ogun gbà lọ sí Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìmàgbọ́n.

Wọ́n gba ẹnu omi, ṣùgbọ́n ebè iyanrìn kò gba ọ̀gá kankan. Fún bí àádọ́ta ọdún, ọkọ̀ òkun ńlá kì í wọ Èkó. Wọ́n á já ẹrù sínú ọkọ̀ kékeré lójú òkun níbi tí ìgbì ti ń mi wọ́n jìgìjìgì. Inú àpótí onígi ni wọ́n ti ń fi okùn sọ èrò kalẹ̀, pẹ̀lú kóòtù àti fìlà wọn. Ìgbà kan wà tó jẹ́ Fọkádò, lọ́hùn-ún nílẹ̀ Ìjọ̀, ni ọkọ̀ ńlá ń já ẹrù Èkó sí, tí ọkọ̀ kékeré á wá kó o padà wá.

Ní nǹkan bí 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ odi òkúta. Wọ́n kó òkúta ńláńlá sínú òkun, odi kan ní ìlà-oòrùn ẹnu omi, òmíràn ní ìwọ̀-oòrùn, kí omi lè máa sáré jáde láàárín wọn kó sì gbá iyanrìn lọ. Iṣẹ́ náà yọrí sí rere. Ẹnu omi jìn, ọkọ̀ ńlá wọlé, èbúté Àpápá sì ṣí ní 1926. Gbogbo ohun tí Èkó dà lónìí, àti iṣẹ́ báǹkì tí mo fi ń jẹun, orí odi òkúta yẹn ló dúró lé.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí rèé. Iyanrìn tó ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn kò dáwọ́ dúró nítorí pé àwọn ẹnjiníà kọ́ odi. Ó dé ibi odi ìwọ̀-oòrùn, ó jókòó síbẹ̀, ilẹ̀ ń pọ̀ sí i níbẹ̀ títí di òní. Etíkun Victoria tó wà ní òdìkejì kò rí iyanrìn tuntun gbà mọ́, òkun sì ń jẹ ti àtijọ́. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, nǹkan bíi kìlómítà kan ilẹ̀ ló wọ omi. Àwa tí a lọ gun ẹṣin ní Bar Beach nígbà èwe wa, ibi tí a ti gun ẹṣin yẹn ti di inú òkun kó tó ó di pé wọ́n tún dí i. Ẹ rántí ìgbà tí omi máa ń gorí títì Ahmadu Bello. Ìjọba da iyanrìn síbẹ̀ léraléra, òkun ń kó o. Ní ìgbẹ̀yìn wọ́n bẹ̀rẹ̀ Eko Atlantic, pẹ̀lú odi tí wọ́n pète pé yóò gùn ní kìlómítà 8.5. Erékùṣù Victoria rí ìsinmi. Àwọn ará Òkun Alfa, lápá Lẹ́kì níwájú, ní tiwọn, ti ń ké fún ọ̀pọ̀ ọdún pé òkun ń gba ilé àti títì lọ́wọ́ àwọn.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba Àpápá kí n tó kúrò níbẹ̀. Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ níbẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé Olúwa. Wọ́n ní ìṣákọ́lẹ̀ lásán ni olóyè ń gbà, pé òun kọ́ ló ni ilẹ̀, nítorí náà owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n máa san. Olóyè Amodu Tijani, tó jẹ́ Olúwa nígbà náà, gbé ẹjọ́ náà títí dé Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ ní 1920, ó gbé ọ̀pá àṣẹ Elékòó Èṣùgbàyí dání. Ní 1921 àwọn adájọ́ Privy Council dá a láre: ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ, kí wọ́n san owó rẹ̀ bó ti yẹ. Pọ́n-ùn 22,500 ni wọ́n san. Ẹ̀yin lọ́yà tó wà láàárín wa mọ ẹjọ́ yìí jù mí lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé olóyè kan láti etí omi jẹ́ kí ìjọba mọ̀ pé kí wọ́n tó sanwó ilẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ín.

Ó yá, mo ti dé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tiwa.

Ìgbìmọ̀ ilẹ̀ wa ti rí pulọ́ọ̀tì mẹ́rin fún gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, létí ọ̀sà, wọ́n ti fi iyanrìn dí i, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ohun tí wọ́n ń pe irú rẹ̀ nínú ìlú. N kò ní dárúkọ àdúgbò náà, torí ó ṣeé ṣe kí àwọn tó nilẹ̀ wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Ìgbìmọ̀ náà ṣiṣẹ́, ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ìwé ilẹ̀ mọ́, èmi fúnra mi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó nilẹ̀ ni wọ́n ń tà á. Bó bá jẹ́ ìbéèrè ti Olúwa nìkan ló wà ńlẹ̀, a bá ti sanwó.

Ṣùgbọ́n ìwé sọ́fè kì í ní oṣù nínú. Ó máa ń sọ bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó fún ọ, kì í sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní October.

Ní oṣù kejì ọdún yìí ni ìgbìmọ̀ mú mi lọ síbẹ̀. Iyanrìn funfun, ó gbóná lábẹ́ bàtà, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ wa lára. Mo ti ń wo ibi tí àga àwọn onílù máa wà. Nígbà tí a ń padà lọ ni mo rí pátákó kan létí ọ̀nà tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wọ́. Ọkàn mi dúró. Mo mọ pátákó yẹn.

Ní October ọdún tó ṣáájú, iṣẹ́ báǹkì gbé mi dé àdúgbò náà. Oníbàárà wa kan tó yá owó lórí ilé rẹ̀ kọ̀wé pé kí a fún òun láyè, omi ti gba ṣọ́ọ̀bù òun. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́, iṣẹ́ wa sì ni láti lọ wò ó. Títì ni a gbà dé ìdajì, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni a gbà dé ìyókù. Ara pátákó yẹn ni ọlọ́kọ̀ so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Omi dé abẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ní ògiri mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí, àwọn ará ibẹ̀ ti fi èédú fa ìlà mẹ́ta, ìlà kan fún ọdún kan, èyí tó ga jù dé ìbàdí mi. Ìyá àgbà kan tó ń yan ẹja lórí pèpéle gíga wò mí nínú ṣòkòtò tí mo ká sókè, ó ní, “Ọmọ mi, omi ò wá bá wa o. Àwa la wá bá a.”

Mo lọ wádìí ohun tí ìyá yẹn sọ. Lókè Abẹ́òkúta, lórí odò Ọ̀yán tó ń ṣàn wọ Ògùn, ìsédò kan wà tí wọ́n ṣí ní 1983, tó ń fún Abẹ́òkúta àti Èkó ní omi mímu. Bó bá kún ní September sí October, wọn kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó má baà wó. Wọ́n ń tú omi sílẹ̀, omi náà sì ń gba Ìṣẹ́rì, Kara àti Ajégúnlẹ̀ bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa. Bó bá dé ọ̀sà, ẹnu kan ṣoṣo yẹn náà ló fẹ́ gbà jáde, bí òkun bá sì kún lọ́jọ́ náà, omi á dúró de àyè. Láyé àtijọ́ inú àbàtà ni ó máa ń dúró sí. Àbàtà yẹn ni wọ́n fi iyanrìn dí tí wọ́n ń tà fún wa. Inú ọ̀sà kan náà ni wọ́n sì ti fa iyanrìn ọ̀hún, bí ẹni gé apá bùbá fi lẹ ìdí ṣòkòtò. Bí a bá kọ́lé síbẹ̀ tí a sì gbé e sókè dáadáa, omi tó yẹ kó sùn lọ́dọ̀ wa á lọ sùn nílé ìyá ẹlẹ́ja.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ó ní owó tí a dá fún ọdún mẹ́rin kò lè ra ju pulọ́ọ̀tì kan àbọ̀ lọ lórí ilẹ̀ gíga. Òótọ́ ni. Ẹ ó ní ẹni tó ń tà á sọ pé ẹlòmíràn ti ń dúró. Ogún ọdún ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu àwọn tí ń ta ilẹ̀, n kò tíì rí ẹlòmíràn náà sójú. Gbọ̀ngàn létí ọ̀sà wu èmi náà, ẹ má rò pé kò wù mí. Owó wa wà ní àkáǹtì, kò ní jẹrà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ ni a fẹ́ dìbò lórí ilẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí a sún ìbò náà sí November. Ní Sátidé kejì oṣù October, mo ti gba ọkọ̀ ojú omi kan sílẹ̀ ní Ìpakodò, owó mi ni mo fi gbà á, kì í ṣe ti ẹgbẹ́. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ la máa gbéra. Àyè ènìyàn méjìlá ló wà nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ọmọ ìgbìmọ̀ ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́kọ́ gba àyè tiwọn. A máa lọ wo pátákó yẹn, a máa lọ wo ìlà èédú lára ògiri mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀wù ìlúwẹ̀ẹ́ wà fún gbogbo wa. Ẹni tí kò mọ omi wẹ̀, kó jókòó sí àárín. Kí oníkálukú mú bàtà tó lè wọ ẹrẹ̀ wá o.